Ọgọ́ta Ìbéèrè Tí Kì Í Ṣe Tèmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn: ọjọ́ náà gan-an ni mo ṣe é. Ago méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án. Mo fi pẹ́ńsùlù dáhùn ọgọ́ta ìbéèrè lórúkọ ẹlòmíràn, mo ti ìlẹ̀kùn, mo lọ gbá bọ́ọ̀lù. N kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ìdajì ogún, ó sì ti ń mí hẹlẹ.

Dókítà Kékeré ló jí ọ̀rọ̀ náà lójú oorun. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Dókítà Kékeré, nínú ìwé yìí nìkan. Kò ga ju èjìká mi lọ, bàtà rọ́bà ló máa ń wọ̀, bí ó bá sì ń rìn, sáré ni à ń sá tẹ̀ lé e. Oṣù méjì péré ló dé ilé ìtọ́jú wa, ní ẹ̀ka àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Lónìí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní nínú àwọn tí a ń tọ́jú, àwọn kan wà tí ọkàn wọn kò gbé ojú kan rí láti kékeré. Ara wọn kì í balẹ̀, ohun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kì í parí, ọtí ni wọ́n sì fi ń tẹ ọkàn náà mọ́lẹ̀. Àìlèfọkànsójúkan – àìsàn ni, kì í ṣe ìwàkíwà. Bí a kò bá dá wọn mọ̀, ìtọ́jú wa kàn ń dà sí wọn lára bí omi orí ewé kókò ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìdánwò ìwà tí ẹ ti ń ṣe fún wọn látijọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti ń tọ́ka sí wọn, àwa ni a ò wo ibẹ̀. Ẹ bá mi kó gbogbo ìwé ọdún mẹ́wàá jáde."

Gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Irinwó ìbéèrè, "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Aláìsàn yóò fi pẹ́ńsùlù kun àpótí kékeré, èmi yóò ṣírò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni mo kà ní Pólì, n kò ka ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ènìyàn. Tèmi náà ì bá sì yé mi díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Inú yàrá ìkẹ́rùsí láti àárọ̀. Mo sín títí nọ́ọ̀sì kan fi béèrè bóyá kí òun wá bẹ́ẹ̀dì fún mi. Ìwé méjìléláàádọ́fà. Mo rí ti Káfíńtà, ọkùnrin tí mo dáhùn fún. Mo dá a mọ̀ kí n tó ka orúkọ, nítorí ó ya àga sí etí ìwé. Àga mọ́kànlá. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Mo fi í sí ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Àgbàlagbà bíi tèmi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Dókítà Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ìsàlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáré wá!"

Ìwé Káfíńtà wà lójú tábìlì rẹ̀. Ó ní kí n wo ọkùnrin yìí: láti ìbéèrè kìíní dé 340, pẹ́ńsùlù ń sá jáde nínú àpótí bí ewúrẹ́ tó já okùn. Láti 341 dé 400, ó tò bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Kí ló lè mú ara ènìyàn balẹ̀ lójijì bẹ́ẹ̀? Ó ti fún un lórúkọ pàápàá: Ìfarabalẹ̀ Ìkẹyìn. Ó ní ó lè jẹ́ àmì àìsàn náà, pé ọkàn tó ń sáré máa ń sinmi bí ó bá ti rí òpin iṣẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ó béèrè bóyá mo rántí ọkùnrin náà.

"Ó ti pẹ́," mo ní.

N kò purọ́. Ó ti pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Mo sọ fún Adájọ́. (Aya mi. Kò sí ẹjọ́ tó dé inú ilé yìí tí kò dá.) Ó ń ṣẹ́ aṣọ, ó gbọ́ ọ délẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a borí nínú bọ́ọ̀lù náà. Mo ní rárá, gòólù mẹ́rin ló wọlé mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìka nu omi ojú. Lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ sílẹ̀.

"Dádì. Ọgọ́ta ìbéèrè lẹ dáhùn fún ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Èmi tí mo bi yín ní ẹyọ kan lánàá, ẹ ò tíì fèsì."

Mo ní kí ó dárí jì mí.

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ibo ni ọkùnrin náà wà báyìí?"

N kò mọ̀.

"Ẹ lọ fi ìyẹn ṣe ìkọkànlélọ́gọ́ta."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ìfarabalẹ̀ Ìkẹyìn ń dàgbà. Dókítà Kékeré yóò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó ní kí n ya àwòrán ìṣirò. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan, àmì róbótó kan. Gbogbo wọn kóra jọ sísàlẹ̀ bí ẹyin inú ìtẹ́. Ẹyọ kan dá dúró lókè, ó ń wò wọ́n bí ọlọ́pàá.

Kì í ṣe Káfíńtà. Èmi ni. Èmi ni mo fara balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

N óò kọ ọ́ tán lónìí, bó ti rí.

Ó tó ọmọ ogójì ọdún nígbà náà. Káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún un sì ń bú u nítorí kì í parí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó ti wà lọ́dọ̀ wa láìfẹnu kan ọtí. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò náà kò jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pọ̀. Ní ìbéèrè igba, ó dojú tábìlì dé, ó ká bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè dúró déédéé. Ó béèrè pé, "Ọ̀gá, ta ló kan àga yìí? Ó ń ké." Ní 340, ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Ọkàn mi ti jáde. Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀."

Òfin iṣẹ́ wa kò ṣòkùnkùn. Bí ìbéèrè tó ṣófo bá ti lé ní ọgbọ̀n, a kò gbọdọ̀ ṣírò ìwé náà. A ó dá a padà fún aláìsàn, yóò parí rẹ̀ ní ìjókòó kéékèèké, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo mọ òfin náà lórí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ṣùgbọ́n àwa akọ̀wé fẹ́ bá àwọn nọ́ọ̀sì gbá bọ́ọ̀lù ní ago mẹ́ta, èmi sì ni gólì. Mo ní kí ó máa lọ sinmi. Mo jókòó sórí àga tó ń ké, mo parí rẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú méje. N kò tilẹ̀ kùn ún láìwo ìbéèrè, ìyẹn ì bá sàn. Mo dáhùn bí mo ti rò pé ọ̀mùtí yóò dáhùn. "Mo máa ń purọ́ bí èrè bá wà níbẹ̀": bẹ́ẹ̀ ni. "Bí mo bá ṣẹ ẹnìkan, ó máa ń dùn mí pẹ́": bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo ṣírò rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Òṣùwọ̀n ẹ̀rí ọkàn wálẹ̀ pátápátá. Ìgbìmọ̀ ilé ìtọ́jú kọ ọ́ pé: aláìní ẹ̀rí ọkàn, ìtọ́jú kò lè ràn án lọ́wọ́. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà tó ń gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó yà sí ọ́fíìsì mi. "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ gbìyànjú."

Ẹ ṣé. Ọdún mẹ́sàn-án ni "ẹ ṣé" yẹn ti ń gún mi bí eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ḿbà inú fáìlì rẹ̀ kò lọ mọ́. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, aránṣọ. Àdírẹ́sì náà kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Lójoojúmọ́!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ mẹ́ta láàárín ètè. Mo sọ ibi tí mo ti wá. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gún wọn mọ́ tìmùtìmù bí ẹni pé orí mi ni.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò mi ò ní ẹ̀rí ọkàn. Ṣé ẹ ti wá bá a wá a ni?"

Ó sọ ìyókù láìdá iṣẹ́ dúró. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó tún fi mutí. Nígbà tí ìyá wọn kú, kò lọ síbi ìsìnkú. "Ó ní dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò ní ọkàn, kí lòun fẹ́ lọ fi sunkún." Ọdún mẹ́ta rèé tí kò fẹnu kan ọtí mọ́. Fúnra rẹ̀ ló jáwọ́, òun ẹ̀gbọ́n sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ wàrà lórí iná. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti tún ń kọjá níwájú ilé ọtí láìpẹ́ yìí. Kò wọlé, ó kàn ń kọjá. Ẹ̀gbọ́n ní kó lọ rí dókítà, àbúrò ní wọ́n ti rí òun tán.

Ó júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn ilé ìlọta. "Tó bá jẹ́ burúkú lẹ tún fẹ́ sọ fún un, ẹ sọ ọ́ fún èmi kí ẹ padà sílé yín."

N kò sọ fún un pé èmi ni. Mo ní mo fẹ́ kí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò lọ. Òjò.

Òjò kankan kò rọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo lọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà kún fún àga tó kù díẹ̀. Èyí kò ní apá, èyí kò ní ìjókòó, àpótí aṣọ kan ń retí ìlẹ̀kùn. Ó ń fá igi lọ́wọ́ kan, ó ń tẹ́ gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kejì, ó ń bá rédíò jiyàn. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan.

"Áà! Gólì!"

Mo ní kí ló dé tó fi pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun wo bọ́ọ̀lù náà! Òun dúró lẹ́yìn wáyà lọ́jọ́ yẹn, gòólù mẹ́rin, ìkẹta gba àárín itan mi kọjá. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo sinmi tán, mo padà wá parí ìwé yẹn. Ìlẹ̀kùn ti tì. Mo gbọ́ ariwo, mo lọ wò yín. Mo ní tí ẹ bá gbá a tán, ẹ máa pè mí. Mo rò pé ẹ gbàgbé ni."

Ó padà wá. N kò mọ̀ rí. Ó padà wá.

Ó ní òun mọ̀ pé àìparí rẹ̀ ló fà á tí wọ́n fi lé òun. Ẹni tí kò lè parí ìbéèrè lásán, kí ló fẹ́ parí láyé? Ó nawọ́ sí àwọn àga náà bí ẹni ń fi ẹ̀rí han ilé ẹjọ́.

Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀, lórí ìdúró, eruku igi nínú imú mi. Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ kíákíá, díẹ̀díẹ̀ ni.

"Mo ti yọjú wo iwájú ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, mo rí èyí tó béèrè bóyá ó máa ń dùn mí tí mo bá ṣẹ èèyàn. Kí lẹ kọ fún mi níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Ó pa rédíò. Ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ láti ẹsẹ̀ mi lọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa lọ sílé, ọ̀gá."

Ó ti pè mí ní Gólì tẹ́lẹ̀. Mo fi nọ́ḿbà mi sábẹ́ òòlù rẹ̀, mo lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Adájọ́ kò béèrè. Ó bu oúnjẹ, ó wo ojú mi, ó dé e padà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo sọ fún Dókítà Kékeré ní ago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó wo àmì tó dá dúró lókè àwòrán náà.

"Àwárí mi nìyí," ó ní. "Ẹ̀yin."

Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó bínú, lẹ́yìn náà ó tún bínú sí i. Ó béèrè iye ìwé tí mo ti dá padà nítorí àyè tó ṣófo. Mo mọ̀ ọ́n: mọ́kàndínlógún. Ó ní kí n kó wọn wá. A jọ kà wọ́n títí di ọ̀sán. Kò tíì lè búra, ṣùgbọ́n nínú mọ́kàndínlógún náà, mẹ́rìnlá ni ìtàn ìgbà èwe wọn bá àìlèfọkànsójúkan mu. Ó gbé orí sókè.

"Àwọn tí kò lè parí ìdánwò yìí gan-an ni ìdánwò náà ń wá, Ẹ̀gbọ́n. Àyè tó ṣófo yẹn ni ìdáhùn. Ẹ̀yin lẹ kùn ún pa."

Ó ní kí n kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́. Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó parí, ìwé ẹ-wá-sọ-tẹnu-yín ti dé: ìgbìmọ̀ ìbáwí, ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ago méjì ọ̀sán. Ẹni tó bá pẹ́, wọ́n á dá ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. N kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù ìdánwò kankan mọ́.

Dókítà Kékeré ní òun yóò yẹ Káfíńtà wò lákọ̀tun, láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá gbà láti wá. "Ṣùgbọ́n kí ó tó gbà, ọgọ́ta yẹn wà lọ́rùn yín. Ẹ kà á, òun ni kó kùn ún. Mẹ́wàá lójúmọ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀."

Mo ní ọkùnrin náà ti fi ìgbálẹ̀ gbá mi jáde.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí fóònù dún. "Gólì. Àwọn ìbéèrè yẹn, ṣé ẹ ṣì ní wọn lọ́wọ́? Ó ti ń yún mi láti ìjẹta. Ẹ kó wọn wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

341 sí 350. Ó ní èmi ni kí n jókòó lójú kan, òun yóò máa rìn. Mo jókòó sórí àga tí kò ní apá. Mo ń kà, ó ń kùn ún lórí pákó, ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Inú mi máa ń dùn bí mo bá wà láàárín èrò." "Èrò wo? Tó bá jẹ́ àwọn oníbàárà tó ń béèrè àga, bẹ́ẹ̀ kọ́!"

Wákàtí kan àti ààbọ̀, fún mẹ́wàá. Ìdí mi kú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

351 sí 360. Láàárín 354 sí 355 ó kan apá mọ́ àga tí mo jókòó lé, láìní kí n dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mẹ́wàá mìíràn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú. Káfíńtà ti sọ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n gé ṣì. "Ẹ jókòó dáadáa," ó ní, "kí ẹ má baà tún sá lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

371 sí 380. Ìlẹ̀kùn àpótí aṣọ náà ti wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Ìbéèrè 388. Mo kà á. "Bí mo bá ṣẹ ẹnìkan, ó máa ń dùn mí pẹ́."

Ó dúró. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó dúró.

"Ìyá wa kú, mi ò lọ. Ọdún márùn-ún rèé. Ẹ ò rí i bó ṣe dá mi dúró báyìí?" Ó kun "bẹ́ẹ̀ ni" títí ẹnu pẹ́ńsùlù fi kán. Mo na ọwọ́, mo rántí, mo fà á padà. Ó fi ìfági gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n bi?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ò lè kùn ún síbí o. Ìwé tèmi nìyí."

Ó ní mẹ́wàá tó kù, òun kò ní ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Inú yàrá yẹn ni òun ti fẹ́ parí rẹ̀. Mo ní ọ̀la, ago méjìlá. Ó ku wákàtí méjì gbáko kí ìgbìmọ̀ tó pè mí. Yóò tó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò tó.

Ó dé ní ago kan, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ó jókòó sórí àga náà, àga náà ké, ó fò dìde. "Ẹ wo ayé! Ó ṣì ń ké!" Ó dojú rẹ̀ dé, ìṣó mẹ́rin, gọ́ọ̀mù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó tún jókòó. Kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà náà ló tó mú pẹ́ńsùlù.

Ní ìbéèrè 397 ó gbé e sílẹ̀. Ago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ọkàn mi ti jáde. Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kan náà. N kò rò pé ó mọ̀. Ó jáde lọ. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù lójú ìwé, pẹ́ńsùlù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Dókítà Kékeré sáré wọlé láti ìpàdé tirẹ̀. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa àyè tó ṣófo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní ìgbìmọ̀ ti jókòó, ṣé n kò mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni? Mo mọ̀. Mo ní kí ó bá mi sọ fún wọn pé mo ń dúró de ẹnìkan. Ó wo ìwé náà, ó wo ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó sáré lọ.

Ago méjì lù. Ago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan pe orúkọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò dìde. Ago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ó wọlé, omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ti lọ fi omi bọ́jú. Ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo èmi, ó wo aago ògiri. Ó jókòó. 398. 399. 400. Ó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ó kọ ọjọ́ síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ Ajé òun yóò wá rí dókítà kékeré yẹn. (Òun náà pè é bẹ́ẹ̀!) Ó na ìwé náà sí mi. Ọgọ́ta àpótí, kò sí ẹyọ kan tí pẹ́ńsùlù kò sá jáde nínú rẹ̀.

Mo ní àwọn ìgbìmọ̀ ń dúró dè mí.

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pè yín." Ó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò. "Ẹ máa lọ, Gólì. Ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí o."